Bí Ráútà Bá Ń Ka Dátà Sódì: Ibi Tí Ẹ Ó Ti Wá Ìṣirò Tó Sọnù

Ní ilé alájùmọ̀gbé ní Sùúrùlérè, tàbí nínú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Ṣómólú tí èèyàn mẹ́fà ti jọ ń lo Wi-Fi kan ṣoṣo, ẹjọ́ kan wà tí kì í tán níbẹ̀: ta ló jẹ dátà? Wọ́n á ṣí ojú ewé ráútà, wọ́n á wo orúkọ tí nọ́ńbà iwájú rẹ̀ pọ̀ jù, ó ti di ti onítọ̀hún nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa kọ́kọ́ bi ráútà bóyá òun fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n kà. Òǹkà lè wà níbi tí dátà kì í gbà kọjá. Ó lè kà á dáadáa, kí iná lọ, kó gbàgbé gbogbo rẹ̀. Ó sì lè rántí, kó jẹ́ pé ẹni tó ń wò ó ló ṣì í kà. Bí mo ṣe tò wọ́n yìí ni kí ẹ ṣe wá wọn, torí ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìparí ló máa ń pààrọ̀ ráútà tí kò ṣẹ̀ ẹ́ rárá.

Ẹ dán òǹkà wò ná

Ẹ dúró di ìgbà tí gbogbo èèyàn bá ti sùn, tàbí kí ẹ yí páswọ́ọ̀dù Wi-Fi padà fún wákàtí kan kí gbogbo fóònù já kúrò lórí rẹ̀. Ẹ fi waya so kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo mọ́ ráútà, kí ẹ sì dá gbogbo update tó ń ṣe ara rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà náà dúró. Ẹ kọ iye tó wà lójú òǹkà WAN (ẹnu ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọ ráútà) sílẹ̀. Ẹ dáńlóòdù fáìlì kan tí ẹ mọ bó ṣe tóbi tó, 100 MB ti tó, kí ẹ wá tún wo òǹkà náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì.

Kò ní jẹ́ 100 MB géérégé. Pákẹ́ẹ̀tì (ìdì kékeré tí wọ́n ń pín dátà sí kó tó rìn) oní 1,500 báìtì máa ń gbé bíi 1,448 báìtì nínú fáìlì yín. Ìyókù ni àdírẹ́sì àti àmì tó ń tọ́ ọ sọ́nà. Torí náà, bí ẹ bá rí 103 sí 107 MB, òǹkà yín mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí 15 MB tàbí òdo, dátà ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá rí ohun tó sún mọ́ 200 MB, ẹ ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀ lórí laini PPPoE (èyí tí ráútà ń fi orúkọ àti páswọ́ọ̀dù wọ íntánẹ́ẹ̀tì): inú `wan` ni `pppoe-wan` ń gbà, nítorí náà pákẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n kọ sábẹ́ orúkọ méjèèjì. Bákan náà ni `br-lan` (orúkọ tó kó waya àti Wi-Fi inú ilé pọ̀) àti Wi-Fi tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ fi ìkejì sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ OpenWrt (sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ fún ráútà) ló wà lórí ráútà yín, ẹ fi SSH (ọ̀nà láti kọ àṣẹ sí ráútà láti orí kọ̀ǹpútà) wọlé kí ẹ tẹ:

`cat /proc/net/dev`

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan ni iye báìtì tó wọlé, ìkẹsàn-án ni iye tó jáde. Ojú ráútà ni wọ́n fi ń sọ ọ́ o, kì í ṣe ojú yín. Lórí WAN, ohun tó wọlé ni dáńlóòdù yín. Lórí `br-lan`, ohun tó wọlé ni ohun tí àwọn fóònù ń kó jáde. Ẹni tí kò bá mọ èyí á máa bú ẹni tó ń wo fíìmù nígbà tó jẹ́ pé fọ́tò ni ẹlòmíràn ń kó lọ sí Google láti òwúrọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwọ̀n pẹ̀lú. Fáìlì oní 100,000,000 báìtì, nǹkan bíi 95 MB ni Windows máa pè é, torí 1,024 ló fi ń pín in, nígbà tí ẹlòmíràn ń fi 1,000 pín in. Tó bá dé GB, ìyàtọ̀ náà ti ju ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ sì rántí pé Mbps kì í ṣe MB: bit ni Mbps ń kà, bit mẹ́jọ ló sì wà nínú báìtì kan, nítorí náà laini 30 Mbps kò lè fún yín ju 3.75 MB lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ọ̀nà àbùjá tí òǹkà kì í rí

Tí ìdánwò yẹn bá fi hàn pé dátà ń sọnù, ohun tí mo máa kọ́kọ́ fura sí nìyí, òun náà ló sì sábà máa ń jẹ́. Ráútà olówó pọ́ọ́kú kò ní agbára láti máa yẹ pákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan wò. Àwọn tó ṣe é wá ní ọgbọ́n kan: bí ìsopọ̀ kan bá ti wọlé tí ráútà ti gbà á, àwọn pákẹ́ẹ̀tì tó kù nínú rẹ̀ á máa gba ọ̀nà àbùjá lọ tààrà. Ó ń mú kí íntánẹ́ẹ̀tì yá. Àmọ́ ọ̀nà gbọọrọ tí wọ́n ti fi sílẹ̀ yẹn ni òǹkà yín jókòó sí.

Orúkọ rẹ̀ lórí OpenWrt ni flow offloading. Lórí ráútà MikroTik, FastTrack ni. Lórí TP-Link àti àwọn mìíràn, ẹ máa rí NAT Boost tàbí Hardware NAT. Àmì rẹ̀ ò ṣòro: àpapọ̀ WAN á pọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣàkójọ iye tí wọ́n kọ sí iwájú fóònù kọ̀ọ̀kan, kò ní tó ìdajì rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n tó ti ń fi YouTube hàn láti ìrọ̀lẹ́ á ní MB díẹ̀ péré níwájú.

Lórí OpenWrt, ẹ lọ sí Network, kí ẹ tẹ Firewall, kí ẹ wá Routing/NAT Offloading nísàlẹ̀, kí ẹ sì pa á. Ẹ tẹ Save & Apply. Bí ẹ bá fẹ́ràn àṣẹ jù:

`uci set firewall.@defaults[0].flow_offloading='0'`
`uci set firewall.@defaults[0].flow_offloading_hw='0'`
`uci commit firewall`
`/etc/init.d/firewall restart`

Nínú méjèèjì, ti hardware ló ń ba ìṣirò jẹ́ jù.

Lórí MikroTik:

`/ip firewall filter disable [find action=fasttrack-connection]`

Lẹ́yìn náà, ẹ pa ráútà kí ẹ tún un tàn. Ẹ má fo ibí yìí o. Àwọn ìsopọ̀ tó ti wà lórí ọ̀nà àbùjá kò ní kúrò níbẹ̀ torí pé ẹ yí òfin padà. Fíìmù tó ti ń lọ á máa lọ bẹ́ẹ̀, ẹ ó sì rò pé ohun tí ẹ ṣe ò ṣiṣẹ́.

Ẹ̀tàn kan tún wà lára MikroTik. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣí Torch (irinṣẹ́ tó ń fi dátà tó ń kọjá lọ́wọ́ hàn) sílẹ̀, ráútà fúnra rẹ̀ máa ń dá FastTrack dúró. Ẹ ó rí gbogbo dátà nínú Torch, ẹ ó ní kò sí ìṣòro; bí ẹ bá sì ti pa á, simple queue (òfin tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tó tún ń ka ohun tó lò) á tún bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi Torch jẹ́rìí sí ohun tí simple queue ń kà. Bí ẹ bá sì fẹ́ lò ó láti mọ ẹni tó ń fa dátà, orí bridge (ẹ̀gbẹ́ inú ilé) ni kí ẹ gbé e sí. Lórí ether1 tó lọ síta, NAT ti pa orúkọ gbogbo èèyàn pọ̀ di àdírẹ́sì kan ṣoṣo.

Ǹjẹ́ ó yẹ kí ẹ pa ọ̀nà àbùjá títí lọ? Laini 20 tàbí 30 Mbps, ẹ pa á, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Àmọ́ tó bá jẹ́ fáíbà 200 Mbps lórí ráútà kékeré, ẹ tẹ `top` nígbà tí èèyàn bá ń dáńlóòdù, kí ẹ wo iye tó wà níwájú `sirq` (ìdá agbára ráútà tí gbígbé pákẹ́ẹ̀tì ń jẹ). Bó bá ń sún mọ́ ọgọ́rùn-ún, ráútà ti ń mí gúlegúle, gbogbo ilé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé pé network ò dáa. Nírú ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọ̀nà àbùjá wà, kí ẹ máa ka àpapọ̀ nìkan lórí WAN, kí ẹ sì pa á fún ọjọ́ kan péré nígbà tí ẹ bá ń wá ẹni tó ń jẹ dátà.

Iná lọ, ìṣirò bá a lọ

Lórí OpenWrt, inú mẹ́mórì tó ń pòórá bí iná bá lọ ni fódà `/var` wà. Ibẹ̀ gan-an ni vnStat àti nlbwmon, àwọn ètò tó ń kọ iye dátà tí ẹ lò sílẹ̀, ń kó ìwé wọn sí bí ẹ kò bá ti fọwọ́ kàn wọ́n. Tí iná bá já nínú ìgbà tí ìnvẹ́tà kò tíì gbà á, gbogbo oṣù ti lọ nìyẹn.

Fún nlbwmon, nǹkan méjì ni ẹ máa yí. Àkọ́kọ́ ni fódà. Ìkejì ni àkókò tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, torí wákàtí 24 ni wọ́n fi sí i láti ilé iṣẹ́. Ládùúgbò tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́, kò ní ráyè kọ ohunkóhun sílẹ̀ láéláé.

`uci set nlbwmon.@nlbwmon[0].database_directory='/mnt/usb/nlbwmon'`
`uci set nlbwmon.@nlbwmon[0].commit_interval='1h'`
`uci commit nlbwmon`
`/etc/init.d/nlbwmon restart`

Fláàṣì USB kékeré dára ju `/etc` lọ, torí ibi ìkọ̀wé inú ráútà fúnra rẹ̀ ní iye ìgbà tí a lè kọ nǹkan sí i kó tó gbó. Bí ẹ kò bá ní USB, ẹ lo `/etc/nlbwmon` kí ẹ sì fi commit sí `6h`. Kí ẹ tó pa ráútà fúnra yín, ẹ tẹ `nlbw -c commit`, kò ní sọ ohunkóhun nù.

Aago wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ráútà kò ní bátìrì tó ń gbé aago. Tó bá jí, ọjọ́ tí kò rí bẹ́ẹ̀ ló máa ń jí sí. Lára àwọn MikroTik kan, ọdún 1970 lẹ máa bá níbẹ̀. Títí modẹ́mù á fi rí network, tí NTP (ètò tó ń gba aago tòótọ́ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì) á sì bá a tún aago ṣe, ohun tó bá kà á lọ sínú oṣù tí kì í ṣe tirẹ̀. vnStat máa ń gbìyànjú láti dúró: bí ó bá rí i pé aago wà lẹ́yìn ohun tó kọ gbẹ̀yìn, á fún un ní ìṣẹ́jú 5. Bí modẹ́mù yín bá máa ń pẹ́ kó tó gbé, ẹ ṣí `vnstat.conf`, kí ẹ gbé `TimeSyncWait` sí 15. Lẹ́yìn tí iná bá dé, ẹ tẹ `date` kí ẹ fojú ara yín rí i.

Ẹ fi Timezone sí Africa/Lagos. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní UTC, aago kan òru ni ọjọ́ tuntun á máa bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé ráútà. Ẹni tó ra dátà òru tó ń lò ó láti aago méjìlá á rí i pé ọjọ́ àná ni wọ́n kọ wákàtí àkọ́kọ́ sí.

Ìwòsàn tó kárí gbogbo èyí ni kí ráútà má kú rárá. UPS kékeré tí wọ́n ń tà fún ráútà ní Ọ̀tìgbà, ní Ìkẹjà, ti tó. Kí ẹ tó lọ, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà ráútà yín: 12V 1A yàtọ̀ sí 12V 2A, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn wà tó jẹ́ 9V tàbí 5V. Fóltì gbọ́dọ̀ bá a mu géérégé, ampere UPS lè pọ̀ ju ti ráútà lọ ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kéré sí i. Tó bá kéré, ráútà á máa kú, á tún máa tàn fúnra rẹ̀ nígbà tí èèyàn bá pọ̀ lórí Wi-Fi, ẹ ó sì padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Gíráàfù tí kì í kọjá 114 Mbps

Ọ́fíìsì ló máa ń bá èyí pàdé jù, àwọn tó wà ní Marina tàbí Broad Street tí wọ́n fi Cacti tàbí MRTG (ètò tó ń ya gíráàfù dátà) ń wo ráútà nípasẹ̀ SNMP (èdè tí wọ́n fi ń bèèrè òǹkà lọ́wọ́ ráútà). Òǹkà àtijọ́, ifInOctets, jẹ́ 32 bit. Kò lè kà ju báìtì 4,294,967,296 lọ, ìyẹn bíi 4.29 GB, kó tó padà sí òdo. Lórí laini 100 Mbps tó kún, ìṣẹ́jú-àáyá 343 ló máa fi yí po. Lórí 200 Mbps, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bó bá wá jẹ́ pé ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ni ẹ̀rọ yín ń bèèrè, òǹkà á ti yí po láàárín kí ó tó tún bèèrè, àwọn 4.29 GB yẹn á sì wọlẹ̀. Ohun tí ẹ máa rí ni gíráàfù tó ń gòkè, tó dé nǹkan bíi 114 Mbps, tó sì já lulẹ̀ lójijì bí ẹni pé gbogbo ọ́fíìsì lọ jẹun lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ lo òǹkà 64 bit:

`snmpwalk -v2c -c ORUKO_COMMUNITY 192.168.88.1 1.3.6.1.2.1.31.1.1.1.6`

Èyí ni ti ìwọlé. Ti ìjáde parí sí `.10`. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ v2c tàbí v3, torí v1 kò lè gbé òǹkà 64 bit rárá. Bó bá dákẹ́ tí kò fèsì, ẹ má yára sọ pé firewall ló dí UDP 161, ọ̀nà tí SNMP ń gbà. Community (ọ̀rọ̀ ìwọlé SNMP) tí ẹ ṣì kọ náà máa ń mú irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn wá. SNMP v2c kì í sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ìwọlé yín kò tọ̀nà. Ẹ sì yí `public`, community tí wọ́n sábà máa ń fi sí i láti ilé iṣẹ́, padà, kí ẹ má ṣí i sí ojú WAN.

Orúkọ tí ẹ kò mọ̀

Fóònù kan lè fara hàn bí mẹ́ta. Láti Android 10 àti iOS 14, fóònù máa ń fi MAC (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ lórí Wi-Fi) tí kì í ṣe tirẹ̀ gangan wọ Wi-Fi kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo lẹ́tà tàbí nọ́ńbà kejì nínú MAC náà: bó bá jẹ́ 2, 6, A tàbí E, irú èyí tí fóònù fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ni. Lórí iPhone, ẹ tẹ (i) lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Wi-Fi kí ẹ pa Private Wi-Fi Address tàbí kí ẹ fi í sí Fixed. Lórí Android, ẹ wá Privacy nínú ojú ewé Wi-Fi náà, kí ẹ yan MAC tí wọ́n fi ṣe fóònù. Ẹ wá so MAC kọ̀ọ̀kan mọ́ orúkọ ẹni tó ni ín nínú Static Leases.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà: èèyàn mẹ́wàá tó fara hàn bí ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó ló fi ráútà kejì sẹ́yìn àpótí 5G, wọ́n sì ki waya bọ inú ihò WAN rẹ̀. Àpótí àkọ́kọ́ kò ní rí ẹlòmíràn ju ráútà kejì yẹn lọ. Yálà kí ẹ máa ka dátà lórí ráútà kejì, tàbí kí ẹ sọ ọ́ di Access Point (tó kàn ń fọ́n Wi-Fi ká, tí kì í ṣe ráútà mọ́) kí ẹ sì ki waya bọ ihò LAN rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tó ń gba Wi-Fi tó tún ń fọ́n ọn ká náà burú níbí, torí ọ̀pọ̀ wọn máa ń fi MAC tara wọn bo ti gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn wọn.

Nígbà tí ti ráútà kò bá bá ti ilé iṣẹ́ mu

Ẹ tẹ \*323# láti orí SIM náà, tàbí láti inú ibi USSD lójú ewé ráútà, kí ẹ mọ iye dátà tó kù. Kí ẹ tó fi í wé ti ráútà, ẹ wo ọjọ́ tí kálukú bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù ni ráútà máa ń bẹ̀rẹ̀. Dátà yín bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ rà á, ó sì sábà máa ń jẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́, kì í ṣe oṣù. nlbwmon gba irú èyí: ẹ kọ `database_interval` bí `2025-03-17/30`, á máa bẹ̀rẹ̀ tuntun ní ọgbọọgbọ̀n ọjọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ti vnStat ni `MonthRotate 17`, ṣùgbọ́n òun ń tẹ̀ lé oṣù, nítorí náà á máa yẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ yọ dátà òru àti èènì kúrò nínú ìfiwéra náà, torí ráútà kò mọ èyí tí wọ́n fi ta yín lọ́rẹ.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti bára mu tí dátà ṣì ń tán, ẹ wo ìjáde. Ojú gbogbo èèyàn máa ń wà lára dáńlóòdù. Kámẹ́rà ìṣọ́ kan ṣoṣo tó ń gbé àwòrán lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2 Mbps láìdúró máa kó 21.6 GB jáde láàárín wákàtí 24, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kan fóònù. Ẹ wọ inú sẹ́tìn kámẹ́rà náà, kí ẹ fi ìgbàsílẹ̀ sí orí mẹ́mórì káàdì rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó máa gbé àwòrán síta nígbà tí nǹkan bá mira nìkan, kí ẹ sì yan sub-stream (àwòrán tó fúyẹ́) fún èyí tí ẹ ń fi fóònù wò láti ìta. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tún wo nọ́ńbà kẹsàn-án lórí WAN.